Sítíkà àwọn atẹ̀wé mi ní Ṣómólú kì í ṣí nínú yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ fojú ara yín ka ọ̀rọ̀ orí rẹ̀

Sóbò ni mò ń tà ní Bàrígà. Alẹ́ ni mo máa ń sè é, ìdájí ni mo máa ń sẹ́ ẹ, tí aago méje bá fi máa lù, ó ti wà nínú kúlà lábẹ́ yìnyín. Àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó tó ń gba iwájú mi kọjá lọ sí Akọ́ka ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ìṣápá pupa, atalẹ̀, kànáfùrù, èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó. Èyí tó kù, mi ò ní sọ.

Ọdún méjì ni ìgò mi fi wà láìní ohunkóhun lára. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ mí. Àfi ìgbà tí ẹnì kan gbé tábìlì tiẹ̀ sí òdìkejì títì. Sóbò ẹ̀ kò dùn tó tèmi (kì í ṣe èmi nìkan ni mo sọ bẹ́ẹ̀), ṣùgbọ́n sítíkà ń dán lára ìgò ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọn ọmọ tó máa ń dúró níwájú mi pé "Ìyá Sóbò, ẹ káàárọ̀ mà" ti ń juwọ́ sí mi láti ọ̀hún. Ni mo bá gbé báàgì mi, ó di Ṣómólú.

Ṣé ẹ mọ Ṣómólú? Ẹni tó ń ta bébà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta yíǹkì wà níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé gígé bébà nìkan niṣẹ́ tiẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé kó ṣáà máa lẹ ẹ̀yìn ìwé pọ̀ ni. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ báyìí làwọn ọmọkùnrin á ti yí yín ká: "Mọ̀mí, kí lẹ fẹ́ tẹ̀? Kàlẹ́ńdà? Jọ́tà? Ìwé ìpè ìyàwó?" Mi ò tẹ̀ lé ẹnì kankan nínú wọn. Obìnrin tó ń ṣe kéèkì ládùúgbò wa ló júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá méjì, ẹ̀rọ ńlá kan tó ń húkọ́ bí àgbàlagbà. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ṣì fẹ́ kí wọ́n máa kí mi dáadáa.

Ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ ni n ó kọ́kọ́ sọ. Ọ̀gá wọn, Àlàájì kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò tiẹ̀ tíì dárúkọ owó tó fi bi mí pé, "Ìyá wa, inú kí ni ìgò yín máa ń wà?" Mo ní inú yìnyín. Ó ní, "Ẹ má gba ti bébà nígbà yẹn o." Ó mú sítíkà méjì wá, ti bébà kan, àti èyí tí wọ́n ń pè ní SAV, tó dà bí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ó ní kí n lọ lẹ méjèèjì mọ́ ìgò nílé, kí n rì wọ́n sínú omi yìnyín látàárọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin fi máa lù, ti bébà ti di ohun tí mò ń fi èékánná họ bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìkòkò. SAV wà digbí. Yíǹkì ẹ̀ ò ṣàn, etí ẹ̀ ò ká. Ẹni tó máa jẹ́ kí oníbàárà dán ọjà wò nílé kó tó gbowó, mélòó lẹ ti rí ní Èkó?

Àwọ̀ náà, wọ́n ṣe sùúrù sí i. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, pupa yẹn jáde bí aṣọ ìyàwó tó ti ṣá. Mo gbé ìgò sóbò jáde nínú báàgì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ò jiyàn, ó yí i, ó tẹ ẹyọ kan, ó yí i, ó tẹ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló bá ti inú ìgò mu. Ọmọ náà mọ CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya sítíkà, bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìyá ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orí sítíkà.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 ló bá mi kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo ṣe fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp rèé:

IT'S COLD. IT'S SWEET. KEEP ITS CAP TIGHT.

Ẹ wò ó dáadáa. Kọ́mà òkè, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní apostrophe, wà nínú méjì àkọ́kọ́, kò sí nínú ẹ̀kẹta. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdí kọ̀ǹpútà rí méjì tó wọ fìlà àti ẹyọ kan tó ṣí orí sílẹ̀, ó ní ọwọ́ mọ̀mí ló yẹ̀, ó bá mi dé fìlà fún ẹ̀kẹta. Kò sọ fún mi. Iṣẹ́ àánú ló kà á sí.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ló fi fọ́tò ránṣẹ́: "Mọ̀mí, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ti dáa." Mo wo àwọ̀. Mo wo àwòrán ewé ìṣápá. Nọ́ńbà fóònù mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ọ̀rọ̀ gan-an, mi ò kà á, torí mo ti mọ ohun tí mo kọ. Mo dáhùn pé, "Ó rẹwà gan-an, Ọlọ́run á bù kún ẹ." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tẹ 500.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yangàn. Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá Tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa wá ra ìgò kan fún ọmọọmọ ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Bàbá fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ ọmọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gba ìgò, ó fà á sẹ́yìn, ó tì í síwájú, ó yọ awò ojú lápò.

"Ìyá Sóbò, kí ni kọ́mà yìí ń wá níbí?"

Mo ní èwo nínú wọn. Ó fi èékánná gún ti ìsàlẹ̀: KEEP IT'S CAP TIGHT.

"Ṣebí it is ni it's? Ó yá, fi it is sí i, kó o kà á sókè."

Mo kà á. Keep it is cap tight. Ọmọọmọ Bàbá, ọmọ ọdún méje, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ìtìjú bò mí o. Ó ti di ìgò mélòó tí mo ti tà fún àwọn ọmọ yunifásítì! Ṣùgbọ́n Bàbá ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó mu sóbò tiẹ̀ náà (ó sanwó), ó sì là á yé mi. Ó ní ṣé mo rántí bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá nínú ìwé orin àtijọ́, n'ílé, l'ọ́kàn, t'ó? Mo ní mo rántí, ìwé orin ìyá mi ṣì wà lórí àga mi. Ó ní, "Ní ilé ló di n'ílé. Lẹ́tà í tó wà lára ní ti kú, ibi tó kú sí ni wọ́n fi kọ́mà sí. Bí Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe ń ṣe nìyẹn. It is, i kejì kú, it's. Do not, o kú, don't. Let us, u kú, let's. Orí sàréè lẹ́tà ni kọ́mà yẹn máa ń dúró. Ta ló wá kú nínú its cap?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

"Nígbà tí kò sẹ́ni tó kú, kí lo gbẹ́ sàréè fún?"

Yorùbá òde òní ti da ilẹ̀ bo sàréè tiwa. Nílé, lọ́kàn, tó, ọ̀kan ṣoṣo la ń kọ wọ́n báyìí, láti ìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Gẹ̀ẹ́sì ò tíì da ilẹ̀ bo tiẹ̀.

Mo bi Bàbá ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Bí mo bá kọ Tolu's shop, ti Tólú ni, kọ́mà sì wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ti ìgò ò fi ní ní i? Ó ní ìbéèrè tó ti da orí àgbà rú nìyẹn, pé àwọn òyìnbó fúnra wọn bá a jà pẹ́. Ó ní nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, wọn ò tíì máa lo its. Ní Léfítíkù 25:5, it own accord ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, its tó wà níbẹ̀ lónìí, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n fi í sí i. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wá wọlé, ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ pẹ̀lú kọ́mà gẹ́gẹ́ bí Tolu's. Ó ní òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ní 1787 pàápàá, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọjà, it's inspection Laws ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọ́mà, títí di òní. Ẹ ò rí i pé èmi àtàwọn baba ńlá Amẹ́ríkà la jọ ṣi í kọ! Nígbà tó yá ni wọ́n fi ẹnu kò pé orúkọ èèyàn àti orúkọ nǹkan ló ń gba kọ́mà ohun ìní. His, hers, ours, yours, its, wọn ò gba nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó máa kọ hi's.

Ohun tí Bàbá sọ dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mò ń lò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nídìí ìkòkò, mo wá tèmi rí. Ẹ yí gbólóhùn yẹn sí Yorùbá. Ó tutù. Ó dùn. Dé ìdérí rẹ̀ pa. Ibi tí Yorùbá bá ti sọ ó, kọ́mà wà níbẹ̀. Ibi tí Yorùbá bá ti sọ rẹ̀, kọ́mà ò sí. It's been long, ó ti pẹ́, kọ́mà. Its price, iye owó rẹ̀, kò sí kọ́mà. Mo gbé e fún ọmọ mi, ó gbìyànjú títí kó rí èyí tí kò bọ́ sí i, kò rí. Ẹnu wa kì í ṣi ó mú fún rẹ̀, ọmọ ọdún méjì ò ní sọ pé "ìdérí ó".

Ojú mi wá là jù. Bí mo ṣe ń padà sí Ṣómólú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo pátákó ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Bùkà kan kọ LETS EAT, u kú, wọn ò sin ín. Onígèrún kan kọ YOUR WELCOME. Ẹ̀yin ló ń kí, kì í ṣe ohun ìní yín, you're ló yẹ kó jẹ́. Mi ò sọ̀rọ̀ o. Ẹni tí sítíkà 500 wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kì í bá ẹlòmíràn wí.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ìgò sórí tábìlì. Ọmọ ìdí kọ̀ǹpútà wò ó, ó ní, "Mọ̀mí, kí ló ṣe é?" Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Áà, ẹ má bínú mà," ó tẹ bọ́tìnì bíi mélòó kan, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Ó ti yọ gbogbo ẹ̀ kúrò! ITS COLD. ITS SWEET. KEEP ITS CAP TIGHT. Ohun tó ń da ọmọ yìí láàmú ni pé kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ó fẹ́ kí wọ́n jọ wọ fìlà, tàbí kí wọ́n jọ ṣí orí.

Ọmọbìnrin kan tó ń gé sítíkà nígun yàrá, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ló gbórí sókè. "Bùọ̀dá, ti ìsàlẹ̀ nìkan ni mọ̀mí sọ. Cap ti ẹ̀. Kì í ṣe cap it is." Ó tẹ orí ba, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Mo wo ọmọ yẹn, ó wù mí kí n gbé e lọ sílé.

Ó wá ku ẹyọ kan. Bùọ̀dá dá kọ́mà méjèèjì padà, ó tẹ ẹyọ kan fún mi, mo gbé e sítòsí ojú. Nǹkan kan ṣáà ń ta mí lójú. Kọ́mà yẹn ò ká, ó kàn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ó ń wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, bí àmì dò tí kò rí fáwẹ̀lì gùn. Bọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1, ní igun òkè lápá òsì, ló ti ń tẹ̀ ẹ́ látọjọ́ yìí. Kọ́mà òkè gidi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enter. Lórí fóònù ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Lórí ìgò pàápàá ó lè má hàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ tẹ bánà tó ga tó ilẹ̀kùn, àmì dò yẹn á gùn tó ọwọ́ èèyàn, gbogbo àdúgbò á sì rí i. Mo ní kó yí i. Ó yí i. Kò bínú, mo gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn.

Ti owó ńkọ́? Àlàájì gbọ́ tẹnu mi, ó gbọ́ ti ọmọ ẹ̀, ó ní ká gbé WhatsApp jáde. "Ó rẹwà gan-an" tèmi wà níbẹ̀ gbàgàdà. Ó ní, "Ìyá wa, àwa la yí ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká gbé e láàbọ̀ láàbọ̀." 300 ni mo tún tẹ̀, ìdajì owó ni mo san. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mi ò rí ibi tó ti rẹ́ mi jẹ. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ ẹ̀ pé, "Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ oníbàárà, ẹ béèrè. Ẹ má bá wọn tún un ṣe."

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ti àkọ́kọ́ ò ṣòfò. Ìlà KEEP IT'S CAP TIGHT, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Èmi àti ọmọ mi jókòó lálẹ́ mẹ́ta pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, a ń gé ìsàlẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù lókè, IT'S COLD, IT'S SWEET, kò ní àléébù kankan. Etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọ́ díẹ̀, àwọn oníbàárà rò pé bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ má lọ ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Ọjọ́ Ẹtì. Àwọn olóde Sátidé ló kún ibẹ̀, ìwé ètò òkú, ìwé ètò ìgbéyàwó, ẹnikẹ́ni ò ní ráyè sítíkà yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dáa jù. Ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ mi gbà nígbà tí iná wà. Ìgbà tí NẸ́PÀ mú un lọ, tí jẹnẹrétọ̀ wọn sì yarí, ó di ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì pè mí kí n tó pè wọ́n. Ìdajì owó ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ohun tí ẹ fẹ́ kí àwọ̀ yín jọ dání. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sórí bébà, kì í ṣe lórí fóònù, torí fóònù tèmi fúnra ẹ̀ máa ń fi kọ́mà sí its láìbéèrè. Nígbà tí wọ́n bá fi fọ́tò ránṣẹ́ láago mọ́kànlá alẹ́, ẹ sùn. Ẹ kà á láàárọ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì nínú mẹ́wàá: SAV wọn, mẹ́wàá, àwọ̀, mẹ́sàn-án, àkókò, méje, kíka ọ̀rọ̀, mẹ́ta, ọmọbìnrin ìdí gígé yẹn ló sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti kọ èyí tí mo fẹ́ tẹ̀ fún Kérésìmesì sórí bébà báyìí: LET'S SHARE IT. ITS TASTE IS FOR EVERYBODY. Lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn ni n ó fi bébà náà lé.